Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ kì í ṣe ohun tí a ń ṣàdédé sọ lu ọmọ. Ó ń jẹ́rìí ibi tí ọmọ ti wá. Ní ilẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ìkíni pàápàá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Owé (àwọn tó ni ìlú Kabba), Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, gbogbo wọn ló ń kí ara wọn ní "Okun", ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba orúkọ tó pa wọ́n pọ̀. Àlejò tó bá kí "Okun o" lẹ́nu ọ̀nà ti sọ ilé rẹ̀ kó tó sọ ọ̀ràn rẹ̀.

Ìwé inú kọ̀ǹpútà náà ní ìkíni ẹnu ọ̀nà. Ní 1986 ni ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà àgbáyé, fọwọ́ sí SGML, ìlànà fífi àmì sára ìwé kí kọ̀ǹpútà lè mọ èyí tó jẹ́ àkọlé yàtọ̀ sí ìpínrọ̀. Ìlà DOCTYPE ni ìwé fi ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́. DTD tó ń tọ́ka sí ni òfin ilé: ó ka àwọn àmì tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè lò, ó sì sọ èyí tó lè wà nínú èwo.

Ẹ wo ti HTML 4.01, ọmọ SGML tí a fi ń kọ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tó jáde ní 1999: "-//W3C//DTD HTML 4.01//EN". Ẹ kà á bí ẹni ń ka ìdílé. Àmì tó ṣíwájú sọ pé ẹni tó ni ín kò sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ISO, W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ló ni ín, DTD ni irú ohun tó jẹ́, HTML 4.01 ni orúkọ àbísọ. EN sì ni èdè. Àdírẹ́sì ló tẹ̀ lé e: "http://www.w3.org/TR/html4/strict.dtd".

Kí ni a ń fi orúkọ àti àdírẹ́sì ṣe pọ̀? Kabba fúnra rẹ̀ lè dáhùn. Títí di August 1991, Ìpínlẹ̀ Kwara là ń kọ sára lẹ́tà tó ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀, àdírẹ́sì yí padà, Kabba kò sì yẹ̀ kúrò lójú kan. Ètò kọ̀ǹpútà tó bá mọ orúkọ lè mú DTD láti inú àpótí ara rẹ̀. Èyí tó gbára lé àdírẹ́sì nìkan yóò máa rìn lọ sílé onílé nígbà gbogbo. Ní 2008, W3C figbe ta pé àwọn ètò bẹ́ẹ̀ ń wá béèrè fáìlì tí kì í yí padà, tó tó ìgbà mílíọ̀nù 130 lójúmọ́.

EN yẹn ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹlòmíràn tó ń kọ Yorùbá rò pé ó yẹ kóun pa á dà. Rárá o. Èdè tí wọ́n fi kọ òfin ilé ni EN ń sọ, kì í ṣe èdè ọmọ inú ilé. Ti ọmọ wà nínú àmì mìíràn: lang="yo". Ẹni tó bá sì fẹ́ fi hàn pé ẹ̀ka-èdè Owé lòun fi kọ ọ́ lè fi "yo-x-owe" sí i, bí òun àti àwọn tó ń lò ó bá ti jọ fẹnu kò.

HTML5 ti 2014 gé ìkíni náà kúrú: <!DOCTYPE html>, kò sí DTD mọ́. Síbẹ̀, ìwé tó bá fò ó, browser yóò gbà á bí ará àtijọ́, yóò sì tò ó bí wọ́n ti ń tò ó láyé ọjọ́un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi ìlà yẹn ṣeré, ẹ má sì fi àmì lang ṣeré. Ojú-ewé Yorùbá tó bá ru lang="en", ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú yóò ka "Okun o" bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ wa ni, àwa náà ló yẹ ká wo ilé rẹ̀ ká tó sọ ọ́ lórúkọ.