Agbábọ́ọ̀lù Ni Nozomi

Nígbà ìsinmi tó kọjá, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìròlú, à ń wo fíìmù àwọn ará Japan kan tó jáde lọ́dún 2021. Inú ìtàn alàwòrán tí Naoshi Arakawa kọ ni wọ́n ti mú un. Onda Nozomi, ọmọ ilé ìwé, ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ọmọkùnrin. Ó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìdíje bá pé, akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í fi í sí i. Ara àwọn ọmọkùnrin ti ń tóbi ju tirẹ̀ lọ, ẹ̀rù sì ń ba ọkùnrin náà kí wọ́n má lọ ṣe é léṣe. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni mò ń kà, tí mò ń túmọ̀ fún ọmọ náà.

Mo ní, “Ó ní kò ní gbá a.”

“Àǹtí, ta ni kò ní gbá a? Ọmọkùnrin yẹn ni, àbí ọmọbìnrin yẹn?”

Ó jàre. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún ọkùnrin, ó ní fún obìnrin. “Ó” kan ṣoṣo ni tiwa, tèèyàn tewúrẹ́ ló kó. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki “ọmọbìnrin yìí” bọ gbogbo gbólóhùn. Kó tó di ìgbà kẹrin, ara mi ti kọ̀ ọ́. Ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fi ojú Nozomi rí lèmi náà ń ṣe: mi ò jẹ́ kí etí ọmọ náà gbàgbé ẹyọ ohun kan yẹn nípa rẹ̀. Mo padà sí “ó”. Níbi tó bá ti lè rú u lójú, mo dárúkọ Nozomi.

Látìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni agbábọ́ọ̀lù, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n gbá jù àti ti ẹni tó jẹ góòlù jù níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ ní Kánádà lọ́dún 2014, “agbábọ́ọ̀lù obìnrin” ni wọ́n máa ń pè é. Ta ló pe Okocha ní “agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin” rí? Bí a bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ jẹ́ ká fi í sára méjèèjì: ikọ̀ àwọn obìnrin, ikọ̀ àwọn ọkùnrin. Ní Ìkẹ́nnẹ́ tó múlé tì wá níbí, Remo Stars lásán ni tàwọn ọkùnrin ń jẹ́. Tàwọn obìnrin ni wọ́n fi Ladies kún.

Mi ò sì fẹ́ gbọ́ “obìnrin bí ọkùnrin” mọ́. Mo mọ̀ pé oríyìn làwọn àgbà fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń gbé iyì náà lọ. Lọ́jọ́ tí ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà na Mòrókò ní 3-2 ní oṣù Keje ọdún 2025, tí ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fi di mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn, Rasheedat Ajibade ni balógun wọn. Akíkanjú ni. Ó tó.

Orúkọ ikọ̀ tiẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Òdòdó kan ló ń jẹ́ nadeshiko, òun náà ni wọ́n fi ń pe obìnrin oníwà tútù ní Japan. Orúkọ yẹn ni ikọ̀ àwọn obìnrin wọn ń jẹ́, tí wọ́n fi gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́dún 2011. Jagunjagun samurai ni tàwọn ọkùnrin. Tiwa ńkọ́? Idì ni wọ́n fi pe àwọn ọkùnrin, wọ́n fi àṣá pe àwọn obìnrin. Àtidì àtàṣá, ẹyẹ tó ń fi èékánná gbé ẹran ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó le jù láti túmọ̀ ni “máníjà”. Nínú The First Slam Dunk, fíìmù bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó jáde lọ́dún 2022, Ayako ni máníjà ikọ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá pátápátá ni àwọn ará ilé wa máa rò pé ó jẹ́. Nílé ìwé Japan, ẹni tó ń bá ikọ̀ tọ́jú omi àti táwẹ́ẹ̀lì, tó ń kọ iye góòlù sílẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀; ọmọbìnrin ló sì máa ń pọ̀ nídìí ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ pè é ní agbomi.” Mi ò gbà, nítorí Ayako ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Olùtọ́jú ikọ̀” ni mo kọ sílẹ̀.