Gígún Régé Inú Ẹ́ńjìnnì Àlòkù

Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé ẹnì kan fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti kú ṣe ẹ̀rọ tí ń gé irin, wọ́n á ní ó fi òfo ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni, àmọ́ ó fi ohun tó ṣe pàtàkì pamọ́. Irin pọ̀ káàkiri. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú bílọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì ni gígún régé: ihò tó rí roboto látòkè délẹ̀, ojú irin tó tẹ́jú tí kò wọ́. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe parí sára irin ni ẹni tó ń wá bílọ́ọ̀kì kiri ń wá.

Ìtàn ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ọdún 1769 ni James Watt gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tó ń lo ooru omi, àmọ́ ọdún bíi mélòó kan kọjá tí kò ṣe é lò bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tó lè gbẹ́ inú sìlíńdà ńlá kó rí roboto, ooru sì ń jò gba ẹ̀gbẹ́ písítìn. Orí ọ̀pá tí wọ́n gbé ró ní ìdí nìkan ni wọ́n ń so ọ̀bẹ ìgbẹ́hò mọ́ nígbà náà. Bí ihò bá wọ́, ọ̀bẹ á wọ́ tẹ̀lé e. John Wilkinson, tó ti gba ìwé àṣẹ lórí gbígbẹ́ àgbá ogun ní 1774, ló ti ọ̀pá náà gba inú sìlíńdà já, tó sì gbé e ró ní ìkángun méjèèjì. Matthew Boulton, alábàáṣòwò Watt, ròyìn pé nínú sìlíńdà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 50 ínǹṣì, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kò nípọn tó owó ṣílè kan. Nígbà tó fi di 1776, ẹ́ńjìnnì Watt ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń gé irin ló bí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá sọ ẹ́ńjìnnì di ẹ̀rọ tí ń gé irin ń dá ọmọ padà sílé ìyá rẹ̀ ni.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà sọ àlòkù di ẹ̀rọ tí ń gé irin ní Amẹ́ríkà. David Gingery, ará Springfield ní Missouri, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé rẹ̀ jáde ní 1980. Ó kọ́ àwọn ènìyàn láti fi èédú yọ́ àlòkù alumíníọ́mù, kí wọ́n dà á sínú yanrìn, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ ṣe léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí ọ̀bẹ ṣe ń gé e. Bí alágbẹ̀dẹ wa ṣe ń sọ sípíríǹgì lọ́rì di àdá nìyẹn: iná pa ìrísí àtijọ́ rẹ́, irin nìkan ló ṣẹ́ kù. Gígún régé tí ilé iṣẹ́ fi sí i ti bá iná lọ, fáìlì àti irin ìfá ni wọn yóò fi wá òmíràn. Ti MultiMachine, ẹ̀rọ tí ń gé irin tí wọ́n fi bílọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní Texas, yàtọ̀, iná kò kàn án. Inú ihò sìlíńdà gan-an ni ọ̀pá tó ń yí iṣẹ́ wà. Orí bílọ́ọ̀kì tẹ́jú, ó dá igun 90 dígírì mọ́ ihò náà, irin dídà rẹ̀ wúwo, ó sì ń gbé gbígbọ̀n mì. Irú irin dídà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ìdí léètì. Ọ̀nà kejì yìí ni mo rí bí ọlọgbọ́n.

Wọ́n lè ní: ẹ́ńjìnnì tó ti sáré fún ogún ọdún, ṣé kò tíì jẹ ara rẹ̀ tán? Ó ti jẹ, àmọ́ kì í jẹ níbi gbogbo. Òkè sìlíńdà, níbi tí ríǹgì ti ń ṣẹ́rí padà, ló máa ń fẹ̀. Níbi tí kíráńkì jókòó sí, bíárìn ló ń jẹ ìyà, kì í ṣe bílọ́ọ̀kì. Èyí tó bá gbóná títí tó fi wọ́, ìyẹn ni pàǹtí.

Àtakò tó wúwo jù ni pé oore ilé iṣẹ́ ńlá ni àwọn tó ń lo bílọ́ọ̀kì àlòkù ń jẹ, pé ohun àyálò ni gígún régé náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọwọ́ lásán lè bí i. Joseph Whitworth, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣàlàyé ní 1840 bí a ṣe ń rí ojú irin tó tẹ́jú: pẹpẹ irin méjì lè bára mu nígbà tí ọ̀kan wú tí èkejì jin, ẹ̀kẹta ló ń tú àṣírí wọn. Tí a bá ń fi wọ́n wo ara wọn ní méjì-méjì, tí a sì ń fá ibi tó yọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tẹ́jú láìsí ẹ̀rọ kankan. Làálàá ọjọ́ pípẹ́ ni, òun sì ni bílọ́ọ̀kì àlòkù ń bá ènìyàn dín kù. Ó dùn mí pé orí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni bílọ́ọ̀kì ń parí sí nílẹ̀ wa, tí wọ́n á sì gbé e lọ yọ́, láìsí ẹni tó fi irin gígùn tó tọ́ lé orí rẹ̀ wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.