Ọ̀nà Tí Èéfín Ń Gbà Jáde

Ìtàn ogun àti ìtàn ọba ni ẹ ti máa ń gbọ́ lẹ́nu wa. Lónìí, ìtàn èéfín ni mo fẹ́ sọ. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020 nìkan, nǹkan bí 3,200,000 ènìyàn ni afẹ́fẹ́ búburú inú ilé, èyí tí ń ti ibi ìdáná wá, ṣekú pa ní gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, koríko ni àwọn baba wa fi ń bo ilé. Bẹẹrẹ ni ó níyì jù nínú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ru koríko náà wá sí ààfin Aláàfin. Yàrá ṣókùnkùn, fèrèsé kò sí. Síbẹ̀ ìyá àgbà a máa dáná sínú ilé lórí òkúta mẹ́ta. Níbo ni èéfín ń gbà? Àárín koríko ni ó ń gbà yọ, díẹ̀díẹ̀, bí omi ti ń yọ lára ajere. Èyí tí ó kù a gba ẹnu ọ̀nà bọ́ sí agbo ilé. Bí ó sì ti ń lọ ni ó ń ṣiṣẹ́: ó ń lé kòkòrò kúrò nínú koríko, ó ń gbẹ àgbàdo tí a so rọ̀ sókè ààrò.

Ṣùgbọ́n koríko yìí kan náà ni iná ń yára ràn. Ajayi Crowther ròyìn bí ó ti rí ní Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní 1821. Wọ́n ń múra oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ogun ta. Nígbà tí wọ́n fi ń fi okùn fà wọ́n gba àárín ìlú kọjá, ọwọ́ iná ti ga lórí àwọn ilé.

Abájọ tí inú àwọn ènìyàn fi dùn nígbà tí páànù dé. Páànù kì í gbiná, a kì í sì í lọ pa á ní ìgbẹ́ bí koríko. Ṣùgbọ́n páànù kò ní ihò. Èéfín gòkè, ó bá irin pàdé, ó padà wá bá ìyá tí ó pọn ọmọ. Irú kì í sì í jinná ní wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń se òrí, tàbí tí ń bọ iṣu fún ẹ̀lùbọ́, kò lè tètè kúrò nídìí iná.

Kì í ṣe àwa nìkan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àárín ilé ni mẹ̀kúnnù ń dáná sí láyé àtijọ́. Ní 1577, àlùfáà kan tí ń jẹ́ William Harrison kọ ọ́ pé ó ya àwọn arúgbó abúlé òun lẹ́nu bí ọ̀nà èéfín ti pọ̀ tó, nítorí pé ní èwe wọn, ìlú mìíràn kò ní ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Nígbà tí ó di 1662, ìjọba ibẹ̀ ti ń gba owó-orí ṣílè méjì lọ́dún lórí ààrò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ń dùn mí. Ní ọ̀rúndún ogún, nígbà tí iṣẹ́ tábà gbilẹ̀ ní Òkè-Ògùn, àwọn àgbẹ̀ kọ́ ilé gíga tí wọ́n fi ń gbẹ ewé. Ìta ni ẹnu iná wà. Páìpù irin ńlá gba inú ilé náà kọjá, ó ń gbé ooru fún ewé, ó sì ń kó èéfín lọ síta. Kí ni ìdí? Bí èéfín bá kan ewé, ewé bàjẹ́, owó rẹ̀ wálẹ̀. Ewé tábà ní ọ̀nà èéfín. Obìnrin tí ń se ọbẹ̀ fún ẹni tí ń ko igi sí iná tábà kò ní.

Kì í ṣe pé ó ṣòro. Ní 1953, S. P. Raju, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Hyderabad ní Íńdíà, tẹ ìwé jáde lórí ààrò amọ̀ tí ó ní páìpù èéfín, fún ilé mẹ̀kúnnù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó ní ihò mìíràn ju ẹnu tí igi ń gbà wọlé, ojú tí ìkòkò dí pa, àti ẹ̀yìn tí páìpù ti gòkè. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ni ó ń lọ, òun ni yóò fa èéfín lọ́wọ́. Páìpù kúkúrú kò lágbára láti fà á. Ẹ jẹ́ kí ó ga ju ṣóńṣó òrùlé lọ. Kí ó má fara kan igi àjà, koríko ni kí a má tilẹ̀ sọ. Kí a sì máa ro inú rẹ̀ lóòrèkóòrè, nítorí bí ó bá dí, èéfín á padà sílé, tàbí kí iná mú nínú páìpù fúnra rẹ̀.

Èmi a máa bẹ̀rù èédú ju igi lọ. Nígbà ọyẹ́, àwọn mìíràn a gbé èédú tí ń jó wọ yàrá, wọn a ti ìlẹ̀kùn, wọn a sùn, nítorí wọn kò rí èéfín. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń ti ara èédú jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú oorun ni ó sì ń pa ènìyàn sí.

Mo ṣe àlàyé páìpù yìí fún ìyá àgbà kan ní Ìsẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní, “Tíṣà, bí èéfín bá lọ tán, kí ni yóò lé kòkòrò lára àgbàdo mi?” Ọ̀rọ̀ náà ká mi lẹ́nu. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí ààrò àtijọ́ wà lábẹ́ àtíbàbà níta fún àgbàdo, ìyá, kí ẹ máa se oúnjẹ lórí tuntun.” Ó wò mí títí, ó ní kí n bọ́ agbádá mi sílẹ̀, kí n wá bá òun ru òkúta mẹ́ta náà jáde.