Omi Òkè-Afà: Wákàtí sí Wákàtí Ní Ọjọ́ Tí Ìkẹjà Bú Gbàù

Ìdájọ́ kan ló ṣáájú ọjọ́ náà. Ní 27 oṣù kẹwàá ọdún 2001, ìgbìmọ̀ Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn parí ìjókòó rẹ̀ ní Banjul, olú ìlú Gambia. Ọ̀kan nínú ẹjọ́ tí wọ́n dá níbẹ̀, àwọn ará Èkó wà lára àwọn tó gbé e lọ. SERAC, ẹgbẹ́ tí agbẹjọ́rò Felix Morka dá sílẹ̀ ní Èkó, àti ẹgbẹ́ kan láti New York, ló pe ìjọba Nàìjíríà lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ògóni tí epo rọ̀bì ti ba omi àti ilẹ̀ wọn jẹ́. Ìgbìmọ̀ náà dá wọn láre. Ó ní ìjọba ti tẹ ẹ̀tọ́ wọn sí ìlera lójú. Ó sì rọ ìjọba pé kí ó máa jẹ́ kí àwọn tí iṣẹ́ epo lè kàn mọ ewu tó wà fún ìlera àti àyíká wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn. Oṣù mẹ́ta gééré lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kan Ìkẹjà.

Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìíní 2002

Ọjọ́ ìsinmi ni. Àwọn onígbàgbọ́ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọ̀sẹ̀ lo ara wọn ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Bárékè àwọn ọmọ ogun Ìkẹjà wà láàárín ìlú, ilé àwọn aráàlú sì yí i ká. Ìyàwó àti ọmọ àwọn ṣọ́jà ń gbé inú rẹ̀, ọjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí náà wà níbẹ̀. Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé iná wà lórí òrùlé ńkọ́?

Ìrọ̀lẹ́, kí aago mẹ́fà tó lù

Iná sọ ní ọjà ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn ẹbí ṣọ́jà. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun l'Ékòó: àwọn kan ń bu omi, àwọn kan ń kó ọjà wọn jáde, àwọn mìíràn dúró ń wòran.

Nǹkan bí aago mẹ́fà

Iná náà ràn dé ilé bọ́ǹbù. Ilẹ̀ mì tìtì. Fèrèsé fọ́ ní ibi tó jìn tó kìlómítà 15. Bọ́ǹbù ń fò sókè, ó ń balẹ̀ sí àdúgbò mìíràn, iná tuntun ń sọ níbi tó bá balẹ̀ sí. Ọdún 1999 ni àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n ti tún dé. Ìró bọ́ǹbù nìkan ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Kò sí fèrè ìkìlọ̀ tó dún, kò sí ẹni tó dúró ní oríta láti sọ pé ọ̀nà báyìí ni kí ẹ gbà.

Nǹkan bí aago méje

Oòrùn wọ̀, òkùnkùn sì bá ẹ̀rù wọlé. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń sáré gba Oṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ìyá gbé ọmọ kan pọ̀n, ó fa òmíràn lọ́wọ́, ẹ̀kẹta já lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín èrò. Ní Òkè-Afà, kánáàlì kan wà níwájú wọn. Ewéko orí omi ti bò ó bámúbámú, ẹni tí kò mọ ibẹ̀ yóò rò pé pápá ni. Ẹni tó wà níwájú ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò lè dúró, ẹni tó wà lẹ́yìn òun náà kò rí ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń ya sínú omi nìyẹn, àgbà àti ọmọdé.

Alẹ́ dé òru

Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun bárékè náà, Ọ̀gágun George Emdin, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó tọrọ àforíjì. Ó ní ilé ohun ìjà náà ti gbó, ó ní wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí jàǹbá yìí tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sùn tì láti ọjọ́ yìí wá.

Àwọn ilé ìwòsàn ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn tó fara pa fi dúró kí wọ́n tó rí ìtọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross wà lóde, wọ́n ń kó àwọn tó ṣèṣe. Iye àwọn tó sá kúrò nílé lóru ọjọ́ náà tó 20,000.

Ìdájí Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù kìíní

Ilẹ̀ mọ́ bá Òkè-Afà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú jáde lábẹ́ ewéko. Àwọn òbí ń wo òkú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún ọmọ wọn lánàá.

Níbí ni kí oníṣègùn àti agbẹjọ́rò ti dúró jọ wòye. Púpọ̀ nínú àwọn òkú yìí, bọ́ǹbù kò kàn wọ́n. Omi ló pa wọ́n, àìmọ̀ ló sì tì wọ́n sínú omi.

Ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé

Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dé bárékè náà, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Bọ́ǹbù ṣì ń dún títí di ọ̀sán. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, wọ́n ti kápá ọ̀pọ̀ iná náà. Ìṣirò òkú kò tán lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá, Red Cross ní àwọn tó kú lé ní 1,000.

Ohun tí ọjọ́ náà fi lé wa lọ́wọ́

Lọ́dọọdún, ní 27 oṣù kìíní, àwọn ẹbí máa ń péjọ ní Òkè-Afà láti rántí òkú wọn. Èmi gbà pé ẹ̀kọ́ tí òkú wọ̀nyí kọ́ wa kò yàtọ̀ sí èyí tí ìgbìmọ̀ Banjul ti sọ lórí Ògóni: ìlera kì í bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ń sọ fún ènìyàn pé ohun báyìí wà lẹ́yìnkùlé rẹ, bí ó bá gbiná, ọ̀nà báyìí ni kí o gbà. Nọ́ọ̀sì tó ń di ojú ọgbẹ́ àti agbẹjọ́rò tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ti agbẹjọ́rò ló yẹ kó ṣáájú.

Lónìí, ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé ṣì fara kanra láti Ìkẹjà dé Agége. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀, ẹ má dúró de ìró kí ẹ tó béèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni òfin sì fún wọn láti dáhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kó ara yín jọ ládùúgbò, ẹ kọ ìwé náà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ ọ̀nà tí omi kò sí.