Ríléè Oníkọ̀ǹpútà àti Ìṣòro Ìdámọ̀: Ìgbéyẹ̀wò Ètò Ààbò Gíríìdì Iná láti 1965

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ọdún 1965, ríléè kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wáyà iná, ní ibùdó iná Sir Adam Beck ní Ontario, Kánádà, já wáyà 230 kV kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe wáyà náà. Láti 1963 ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ríléè ọ̀hún sí ti wà bẹ́ẹ̀, iná tó ń gba orí wáyà sì ti pọ̀ sí i. Àwọn wáyà mẹ́rin tó kù kò lè gbé ẹrù ìkarùn-ún mọ́ tiwọn. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kò pé tí gbogbo wọn fi já tẹ̀lé e. Nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ènìyàn ló bọ́ sínú òkùnkùn, àwọn ará New York wà lára wọn.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ìdámọ̀ ni olórí ìṣòro ètò ààbò iná láti ọjọ́ náà: báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ bóyá wáyà ti kanra, àbí ẹrù lásán ló wúwo?

Irin àti kọ́ìlì ni ríléè ìgbà yẹn. Ní 1969 ni George Rockefeller gbé àbá jáde pé kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́ gbogbo ríléè inú ibùdó kan. Ní 1971, ilé-iṣẹ́ Westinghouse gbé ọ̀kan sí ibùdó Tesla ní California. Owó kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Ìgbà tó di 1984 ni Edmund Schweitzer bẹ̀rẹ̀ sí í ta ríléè oníkọ̀ǹpútà kékeré láti ìlú Pullman, ní ìpínlẹ̀ Washington. Ìtàn ọjà ló pọ̀ jù nínú ohun tó tẹ̀lé e, n kò ní dúró lé e lórí.

Kí ni ríléè òní ń ṣe gan-an? Tírànsífọ́mà kékeré á kọ́kọ́ sọ kọ́rẹ́ǹtì ńlá orí wáyà di èyí tí ẹ̀rọ lè fara dà. Lórí gíríìdì 50 Hz bíi ti Nàìjíríà, ìgbì kan kì í ju ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Láàárín rẹ̀, ríléè lè ka iná ní ìgbà 80, ìyẹn ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó máa fi kọ́rẹ́ǹtì pín fọ́tééjì. Bí èsì bá ṣe kéré tó ni ibi tí wáyà ti kanra ṣe súnmọ́ tòsí tó. Bí èsì náà bá bọ́ sí ìpín kìíní, tó jẹ́ nǹkan bí 80% wáyà, ríléè á já a lójú ẹsẹ̀. Ìpín kejì kọjá òpin wáyà díẹ̀, ó sì ń dúró díẹ̀. Ìpín kẹta wọ inú wáyà aládùúgbò, ó ń dúró tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó lè ran ríléè ibẹ̀ lọ́wọ́ bó bá sùn lọ.

Ìpín kẹta yìí ni wàhálà wà. Bí ẹrù bá wúwo tí fọ́tééjì sì wálẹ̀, èsì ìṣirò á jọ ti wáyà tó kanra. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, 2003, ní Ohio, ètò kọ̀ǹpútà tó yẹ kó máa ké gbàjarè fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná FirstEnergy dákẹ́ ní aago 2:14 ọ̀sán, wọn ò sì fura. Àwọn wáyà 345 kV rọ̀ kan igi, wọ́n ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrù wọn sì ń rọ́ lọ sórí wáyà kan tó ń jẹ́ Sammis–Star. Nígbà tó di 4:05, ìpín kẹta já Sammis–Star pẹ̀lú, láìsí ìkanra kankan. Ìṣirò ríléè náà pé pérépéré; bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí, ohun tó ń lọ ní ìyókù àdúgbò kò hàn sí i. Nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni iná kú mọ́ lórí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Òfin tó jáde lẹ́yìn náà ní Amẹ́ríkà sọ pé ríléè kò gbọ́dọ̀ dí wáyà lọ́wọ́ àtigbé 150% agbára rẹ̀, bí fọ́tééjì tilẹ̀ wálẹ̀ sí 85%. Òfin yẹn, lójú mi, wúlò ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun lọ. Ti ẹ̀rọ PMU tí Arun Phadke àti James Thorp ṣe ní Virginia Tech ní 1988 yàtọ̀: ó ń fi aago GPS ka iná ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọgbọ̀n ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà tí SCADA, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ gíríìdì, ń dúró ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó tó tún ròyìn. Ibi tí wọ́n ti gbà á láyè kó dá wáyà já ṣì kéré. Ní Winnipeg, ní Kánádà, wọ́n tún ṣe kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi gíríìdì: wọ́n á so ríléè gidi mọ́ ọn, wọ́n á dá ìjàǹbá sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì wo ohun tí ríléè máa ṣe kó tó dé ojú iṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí gíríìdì orílẹ̀-èdè, tó wó léraléra ní 2024. Bí ó bá ti wó, igbe tó ń jáde ni pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ tuntun. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà 330 kV láti Jos sí Gombe ju 250 kìlómítà lọ, bí wáyà bá sì ṣe gùn tó ni ìṣirò ìkanra ṣe ń súnmọ́ ìṣirò ẹrù tó. Ìwọ̀n inú ìwé tí olùtajà fi sínú páálí kò lè tó o. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ṣírò ti Jos sí Gombe, kí wọ́n sì tún un ṣírò nígbàkigbà tí ibùdó tuntun bá wọlé sórí wáyà náà.