Àwòrán Tí Ó Gba Ẹyẹ Là

Ní ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Olúpọ̀nnà, lẹ́bàá Ìwó, igi ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé ìwé wa tí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà kọ́ ìtẹ́ sí. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọkùnrin máa ń sọ wọ́n lókò. Mo bá wọn wí títí, wọn kò gbọ́. Mo nà wọ́n, ẹkún tán, òkò kò tán. Ní ọjọ́ kan, òkò já ìtẹ́ kan bọ́ sílẹ̀. Mo gbé e wọ kíláàsì, mo gbé e ka orí tábìlì, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọmọ ẹ̀gà méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò tíì hu ìyẹ́, wọ́n sì ń yánu fún oúnjẹ. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti sọ òkò sí igi náà mọ́. Ìgbà náà ni ó yé mi pé òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ojú l'ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀, àwọn obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ọ ṣáájú mi. Ní ayé ìgbà náà, oge ńlá ni fún àwọn obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù láti fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe àkẹtẹ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Lára ìyẹ́ tí owó rẹ̀ wọ́n jù ni ti àwọn ẹyẹ funfun kan tí ó jẹ́ ìbátan lékeléke wa. Ìyẹ́ yìí a máa dára jù ní àkókò tí wọ́n ń sàba, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ. Nítorí náà, bí ọdẹ bá pa ìyá àti bàbá, ebi ni yóò pa àwọn ọmọ inú ìtẹ́ kú. Ẹni tí ó dé àkẹtẹ̀ kò mọ èyí. Ọ̀ṣọ́ nìkan ni ó rí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọdún 1889, Emily Williamson dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Didsbury, nítòsí Manchester, fún àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní lo ìyẹ́ mọ́, àyàfi ti ẹyẹ tí a pa jẹ àti ti ògòǹgò. Láti inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní RSPB lónìí ti jáde. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n tẹ ìwé, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Àwọn oníṣòwò dá wọn lóhùn pé ilẹ̀ ni a ti ń ṣa ìyẹ́ náà, pé ẹyẹ kò kú nítorí rẹ̀.

Ní ọdún 1906, ọmọ Australia kan, Arthur Mattingley, ya àwòrán ibi tí àwọn ọdẹ ti ṣọṣẹ́. Nínú àwòrán náà, àwọn ọmọ ẹyẹ na ọrùn, wọ́n ń retí ìyá tí kò ní padà wá mọ́. Ní ọdún 1911, ẹgbẹ́ náà gba àwọn ọkùnrin síṣẹ́ láti gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lórí pátákó kọ́ àyà àti ẹ̀yìn, kí wọ́n sì máa rìn káàkiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin tí ó ń lọ ra àkẹtẹ̀ wá ń pàdé ọmọ ẹyẹ lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1921, ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó dẹ́kun kíkó irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ náà.

Kí ni ó fún pátákó wọ̀nyí lágbára? Èkíní, wọ́n mú ohun tí ó jìnnà wá sí iwájú ẹni tí ó ń sanwó rẹ̀. Èkejì, ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára olùwò lọ: kí ó ra àkẹtẹ̀ mìíràn. Ẹ̀kẹta, tí ó ga jù, òtítọ́ ni wọ́n. Àánú kò ṣòro láti ru sókè. Ẹni tí ó ní irọ́ láti tà pẹ̀lú lè ṣe àwòrán tí yóò mú wa sunkún. Nítorí náà, bí ìkéde bá fa omi lójú yín, ẹ bèèrè pé: Ta ni ó yà á? Níbo ni ó ti yà á? Kí ni ó fẹ́ kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ odídẹrẹ́ ni a ń ki ará Ìwó? Àwọn baba wa ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1975, odídẹrẹ́ inú igbó Áfíríkà tí a ti tà sí òkè òkun ju mílíọ̀nù kan lọ, láì ka àwọn tí ó kú lọ́nà. Ní Ghana, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé láti 1992, ó kéré tán 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ti pòórá. Ní ọdún 2016 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg lábẹ́ àdéhùn CITES, wọ́n sì pinnu láti ka òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn léèwọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ẹyẹ náà ń kí nínú àgò ní pálọ̀ rẹ̀ kò rí àtè tí ó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a mú un.

Orúkọ mìíràn tí a ń pe odídẹrẹ́ ni Ayékòótọ́. Lóòótọ́ ni ayé a máa kọ òtítọ́ tí a fi ẹnu lásán sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í hàn án kòrókòró, tí a kò sì jẹ́ kí ó rẹ̀ wá, ayé a máa gbà á, bí ó tilẹ̀ gba ọdún méjìlélọ́gbọ̀n bíi ti àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ la ojú yín, kí ẹ sì la ti ẹlòmíràn, kí ó má baà jẹ́ pé inú oríkì Ìwó nìkan ni àwọn ọmọ yín yóò ti máa pàdé odídẹrẹ́.