Odò Ọya: Orúkọ Rẹ̀ àti Omi Rẹ̀

Èdè Faransé ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ilẹ̀-ayé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́. Nítorí náà, Niger ni wọ́n mọ odò tí ó pa ààlà Benin ní ìhà àríwá sí. Bí àgbàlagbà bá dárúkọ Odò Ọya, ọ̀pọ̀ nínú wọn a rò pé odò inú ìtàn òrìṣà lásán ni. Odò kan náà ni.

Ìrìn odò yìí da àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀-ayé láàmú pẹ́. Orí òkè Fouta Djallon ní Guinea ni ó ti ṣẹ̀, níbi tí òkun kò jìnnà ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí òkun náà, ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ títí dé ìtòsí Timbuktu, kí ó tó yí padà wá sí gúúsù. Gbogbo ìrìn rẹ̀ súnmọ́ 4,200 kìlómítà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Leo Africanus kọ ọ́ pé ìwọ̀-oòrùn ni ó ń ṣàn sí. Ọdún 1796 ni Mungo Park fi ojú ara rẹ̀ rí i ní Ségou pé ìlà-oòrùn ni. Park kú sínú omi náà ní Bussa, ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ní 1806. Ní 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gba Àgbádárìgì àti Ọ̀yọ́ Ilé dé Bussa yìí kan náà, wọ́n sì bá omi lọ títí dé òkun.

Àwọn tí ń gbé etí rẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́. Joliba ni àwọn Mandinka ń pè é. Isa Ber, èyí tí í ṣe odò ńlá, ni ti àwọn Songhay. Edu ni ti Tápà. Kwara ni ti Haúsá. Ní ti Niger, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn Tuareg tí ó túmọ̀ sí "odò àwọn odò" ni ó wà nídìí rẹ̀, tí àwọn tí ó gbọ́ Látìnì wá gbọ́ ọ bí ẹni pé "dúdú" ni. Àṣìgbọ́ náà kò ní kí orílẹ̀-èdè méjì má gba orúkọ lára rẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ni Flora Shaw ti dábàá orúkọ Nàìjíríà ní 1897.

Orúkọ ti Yorùbá kò sọ bí omi náà ti tóbi tó. Aya ọba ni ó dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé ọmọ Tápà ni Ọya, pé ó fẹ́ Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, ó sì di odò. Ìtàn náà bá ilẹ̀ mu, nítorí odò yìí ni ó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Tápà. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kò sí létí rẹ̀. Gúúsù ni omi tiwọn ń ṣàn sí, nígbà tí Mékrou, Alibori àti Sota ń lọ bá Ọya ní àríwá. Síbẹ̀, orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó tilẹ̀ bá àwọn tí a kó lẹ́rú dé Brazil àti Cuba, níbi tí a ti mọ Ọya mọ́ ìjì àti mànàmáná ju odò lọ.

Láti 1964 sí 1968 ni Nàìjíríà fi dí odò náà ní Kainji. Adágún tí ó ti ibẹ̀ jáde fẹ̀ tó nǹkan bí 1,250 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn tí ó sì fi ilé sílẹ̀ nítorí rẹ̀ lé ní 40,000. Bussa àtijọ́, ìlú ọba tí ọlá rẹ̀ ga ní gbogbo Borgu, wà lábẹ́ omi, òun àti àwọn àpáta tí ọkọ̀ Park ti fi bá ìṣòro pàdé. Wọ́n tẹ ìlú mìíràn dó, wọ́n pè é ní Bussa Tuntun. A lè gbé orúkọ àti oyè kúrò níbi kan. Ilẹ̀ tí a ti ń tọ́ka sí nígbà tí a bá ń pìtàn kò ṣeé gbé. Èyí kan Ṣábẹ̀ẹ́ pàápàá, nítorí Borgu ni ìdílé Baba Gidai tí ń jọba níbẹ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun wọn.

Ìdídò Jẹ́bà tẹ̀lé ti Kainji ní 1984. Láti 2007 ni okùn iná ńlá ti so Ìkẹjà pọ̀ mọ́ Ṣákẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí iná tí Nàìjíríà ń tà sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Iná Odò Ọya wà lára rẹ̀.